Ọ̀tá Mi Gba Òdo

Ìwé kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù obìnrin agbaninímọ̀ràn kan, tí obìnrin náà fẹ́ràn ju ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ. Ojú ewé kan ṣoṣo ni, ìbéèrè méjìlá ló wà níbẹ̀, orúkọ tó sì fún un ni Òṣùwọ̀n Ọ̀rẹ́. Ọdún mẹ́ta ló fi tò ó, tó ń pa á rẹ́, tó ń tún un kọ, títí ó fi dá a lójú pé kò sí ọ̀rẹ́ èké tó lè gba ibẹ̀ kọjá kí àṣírí rẹ̀ má tú. Ǹjẹ́ ẹni yìí máa ń fi ọ̀rọ̀ ìwúrí kí ọ? Ǹjẹ́ ó máa ń yìn ọ́ lójú àwọn ẹlòmíràn? Ǹjẹ́ ó máa ń jẹ́ kí o sọ̀rọ̀ tán kó tó dá sí i? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, máàkì kan. Bó bá jẹ́ rárá, òdo. Ẹni tó bá gba mẹ́jọ sókè, ọ̀rẹ́ ni, kí a dì í mú. Ẹni tí kò bá tó mẹ́rin, kí a rọra yẹra fún un.

Kọ́bọ́ọ̀dù náà nìkan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ a máa há. Ó ti tó ọdún kan tó ti ń jà á lójoojúmọ́ kó tó lè yọ ìwé òṣùwọ̀n jáde, kò sì fìgbà kan rò ó pé kí òun pe ẹni tó máa tún un ṣe. Ó ti mọ́ ọn lára láti máa bá nǹkan jìjàkadì ní òun nìkan.

Yàrá kejì ní ilé ìwòsàn kékeré kan ni ọ́fíìsì rẹ̀. Àga méjì wà níbẹ̀, aago kan, páálí ìwé ìnujú kan, àti fèrèsé tó kọjú sí ibi tí àwọn nọ́ọ̀sì ń sá aṣọ sí. Àwọn tí ọ̀rẹ́ ti dà ló ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa mọ ọ̀rẹ́ tòótọ́ yàtọ̀ sí ọ̀dàlẹ̀, wọ́n sì ń dúpẹ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè rí ni pé, ọ̀rẹ́ mélòó ni òun fúnra rẹ̀ ní. Òun náà kò bi ara rẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ló ti kẹ́kọ̀ọ́, ọdún mẹ́fà àti oṣù méjì. Láti aago méje àárọ̀ sí aago mẹ́rin, ilé ìtura kan ló ti ń lọ aṣọ ibùsùn, ogóje aṣọ lójúmọ́. Nígbà tó bá fi máa di aago márùn-ún ààbọ̀, ó ti wà nínú kíláàsì. Bàtà kan ṣoṣo tó ní ti lu ní ẹsẹ̀ òsì, páálí ló fi ń dí i. Títí di òní ó ṣì mọ̀ pé páálí kan a máa lo ọjọ́ mẹ́rin bí òjò kò bá rọ̀, kì í sì í ju ọjọ́ kan lọ bó bá rọ̀. Bí wọ́n bá fún wọn láàyè ìsinmi díẹ̀, àwọn yòókù a jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọn a máa bú ara wọn, wọn a máa rẹ́rìn-ín. Òun a dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, a máa kàwé. Ọmọbìnrin kan nínú wọn ké sí i lẹ́ẹ̀kan pé, "Ìwọ Oníwèé yìí, ṣé ìwé yẹn ló máa pọ̀n ẹ́ relé ni? Wá jókòó jàre." Ó kà á sí èébú, kò dáhùn. Ọmọbìnrin náà kò tún pè é mọ́. Ẹni tí kò bá ènìyàn ṣeré kì í gbọ́ èdè eré. Inú ìwé ló ti mọ ọ̀rẹ́, bí ẹni tó mọ odò nínú àwòrán: ó lè júwe rẹ̀ dáadáa, omi kan ò kàn án lẹ́sẹ̀ rí.

Irú ẹni tó ń gba ènìyàn nímọ̀ràn nìyí ní ọjọ́ tí Bàbá Kọ́kọ́rọ́ wọlé.

Àgbàlagbà tó ń tún àgádágodo ṣe ni, ó ga, ó gbẹ, ọ̀rọ̀ kì í sì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú láti oṣù mẹ́rin. Láti ìgbà náà, ó lè jókòó ti àgádágodo kan láti àárọ̀ dọ̀sán láìfọwọ́ kàn án. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní ìlú mìíràn ti mú un ṣèlérí lórí fóònù pé ohunkóhun tí wọ́n bá ní kó ṣe ní ilé ìwòsàn náà, yóò ṣe é. Nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún un, ìbéèrè kan wà pé: Ta ló júwe wa fún ọ? Ó kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé, Ọ̀tá mi.

Agbaninímọ̀ràn fi gègé pupa fa ìlà sí i nídìí. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé ìkà ènìyàn ni ẹni tí yóò rí ọ̀fọ̀ ẹnì kejì rẹ̀, tí yóò máa fi ilé ìwòsàn ọpọlọ ṣe é yẹ̀yẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ọ̀tá náà.

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ kò fi nǹkan pa mọ́. Ọ̀tá òun ni Aránbàtà tí wọ́n jọ wà nínú ṣọ́ọ̀bù kan, tábìlì kan ló là wọ́n láàárín, ọdún méjìlélógún nìyẹn. Orúkọ tó ń pe òun ni Ọ̀tá Mi, orúkọ tí òun náà ń pè é nìyẹn. Ó máa ń jẹ nínú oúnjẹ òun láìtọrọ. Tí oníbàárà bá wọlé, á ní kí wọ́n ṣọ́ra, pé ọwọ́ ọkùnrin yìí nípọn bí ẹsẹ̀ tábìlì. Láàárọ̀ pẹ̀lú, lójoojúmọ́, láti oṣù mẹ́rin yìí, yóò wá kan ilẹ̀kùn òun gbàgbàgbà.

"Kí ló máa ń sọ bó bá kan ilẹ̀kùn?"

"Á ní, 'O ò tíì kú?'"

Gègé pupa tún sọ̀ kalẹ̀. Ó já kọ́bọ́ọ̀dù ṣí, ó yọ òṣùwọ̀n, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkíní dé ìkejìlá. Ọ̀tá gba máàkì ẹyọ kan péré, èyí tó bèèrè bóyá ẹni náà mọ ilé rẹ. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ wo ìwé náà pẹ́. Ó ní òun ò mọ̀ pé ó burú tó bẹ́ẹ̀.

Agbaninímọ̀ràn bi í bóyá kò sí ẹlòmíràn. Ó ní ọ̀rẹ́ wa kan wà. Ọ̀nà tó gbà sọ "ọ̀rẹ́ wa" yẹn, ẹni tó gbọ́ èdè eré ìbá ti mọ̀ pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń di àpò rẹ̀ mú ni. Ìbátan ìyàwó rẹ̀ kan tó jìnnà ni Ọ̀rẹ́ Wa, ọkùnrin ẹlẹ́nu dídùn tó máa ń pè é ní "ẹ̀gbọ́n mi àtàtà," tó máa ń yìn ín lójú àwọn ènìyàn, tó máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ parí, tó tún máa ń di ọwọ́ ènìyàn mú bó bá ń gbọ́ ọ. Ọ̀rẹ́ Wa gba mọ́kànlá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló gba òdo sí: Ǹjẹ́ ó máa ń wá nígbà tí kò nílò ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ? Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ronú títí. Ó ní ìyẹn ò tíì ṣẹlẹ̀ rí. Agbaninímọ̀ràn fi í lọ́kàn balẹ̀ pé kò sí ènìyàn tó pé tán, pé mọ́kànlá nínú méjìlá kì í ṣe kékeré.

Ìmọ̀ràn tó wá gbà á rèé. Kó má bá Aránbàtà jà. Kó máa kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí a ti ń kí ẹni tí a kò mọ̀ rí. Kó má dá èébú kankan padà. Kó sọ fún un pé kó yé kan ilẹ̀kùn òun láàárọ̀. Kó sì fa Ọ̀rẹ́ Wa mọ́ra.

Ohun kan péré ni bàbá náà bi í. "Ìwé yìí, ṣé kì í ṣàṣìṣe?"

Ó ní ó ti ju ọgọ́ta ènìyàn lọ tí òun ti fi wò.

Bàbá náà mi orí. "Lẹ́nu iṣẹ́ tiwa, bí kọ́kọ́rọ́ kò bá wọlé, kọ́kọ́rọ́ là ń dá lẹ́bi. A kì í pọ́n àgádágodo kó lè bá kọ́kọ́rọ́ mu." Ó dìde, ó sì lọ ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe, nítorí ó ti ṣèlérí fún ọmọ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń bọ̀ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Bí ó bá bi í bí ṣọ́ọ̀bù ṣe rí, á ní ibẹ̀ dákẹ́. Agbaninímọ̀ràn a kọ ọ́ sílẹ̀ pé: Àlàáfíà ti wà níbi iṣẹ́. Bàbá náà ń rù sí i. Ó kọ ọ́ pé ọ̀fọ̀ ló ń jà á. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó mẹ́nu bà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé Ọ̀rẹ́ Wa wá, ó kẹ́dùn bá òun dáadáa, ó di òun lọ́wọ́ mú, ó sì gbé ẹ̀rọ tí òun fi ń gé kọ́kọ́rọ́ lọ, ó ní kí òun lè sinmi. Agbaninímọ̀ràn ronú lé e, ó rí i pé ìsinmi ṣàǹfààní.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹni tuntun kan wọlé. Ọkùnrin kúkúrú ni, ó sanra, gọ́ọ̀mù ti gbẹ mọ́ ọ lọ́mọ ìka, abẹ́rẹ́ ńlá kan sì wà nínú àpò àyà rẹ̀. Ó jókòó, ó wo páálí ìwé ìnujú, ó tì í sẹ́yìn díẹ̀ bí ẹni pé ó lè ràn án. Agbaninímọ̀ràn bi í pé kí ló gbé e wá.

"Ọ̀tá mi ni, mà. Nǹkan ń ṣe é."

Agbaninímọ̀ràn gbé gègé sílẹ̀. "Kí ló ń ṣe é?"

"Ó ń kí mi."

"Báwo ló ṣe ń kí yín?"

"Ó ní, 'Ẹ káàárọ̀, sà.'" Ọkùnrin náà dúró kí ọ̀rọ̀ náà lè wọlé. "Ẹ. Sà. Èmi. Láti ọdún méjìlélógún tá a ti jọ wà nínú ṣọ́ọ̀bù, a ò pe ara wa ní 'ẹ' rí, àfi ọjọ́ tí wọ́n sin ìyàwó ẹ̀, tí ọ̀rọ̀ tóbi ju ẹnu àwa méjèèjì lọ. Mo bú u, kò dáhùn. Mo jẹ oúnjẹ ẹ̀, ó ní kí n gbádùn ẹ̀. Mo ní ta ló gbé ẹ̀rọ ẹ lọ, ó ní, 'Ẹ má bínú, sà.'" Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Mà, ẹ̀rọ yẹn ò dùn mí tó 'sà' yẹn."

Agbaninímọ̀ràn mọ ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ wàyí. Òfin iṣẹ́ rẹ̀ kò gbà á láyè láti sọ bẹ́ẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ òfin náà. Nígbà tí ènìyàn kò bá mọ ohun tó máa ṣe, ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ló máa ṣe: ó dìde lọ sídìí kọ́bọ́ọ̀dù. Kọ́kọ́rọ́ há. Ó fà á, ó tì í, ó fi ẹ̀gbẹ́ gbá ilẹ̀kùn rẹ̀. Ọkùnrin náà ń wò ó.

"Ọ̀tá mi ì bá ti ṣí i kẹ́ ẹ tó mí lẹ́ẹ̀kan," ló wí.

Ó rí ìwé náà yọ níkẹyìn. Ó ń béèrè, Aránbàtà ń dáhùn. Ǹjẹ́ ó máa ń yìn yín? Láéláé. Ǹjẹ́ ó máa ń sọ ọ̀rọ̀ ìwúrí? Ó ní ọ̀rọ̀ tó wúrí jù tí òun gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni pé bàtà tí òun rán lè tó òkú wọ̀, torí òkú kì í rìn. Ǹjẹ́ ó máa ń jẹ́ kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ tán? Ta ló fẹ́ gbọ́ ọ tán? Ǹjẹ́ ó mọ ilé yín? Ẹnu ọ̀nà nìkan ló mọ̀, kò wọlé rí. Bí wọ́n ṣe dé ìdí ìwé, Aránbàtà na ọrùn wò ó.

"Mélòó ló gbà?"

"Òdo."

"Ẹ tún un wò dáadáa, mà. Ó yẹ kó wà nísàlẹ̀ òdo." Inú rẹ̀ dùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti wọlé. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ rọ̀. "Àmọ́ ọ̀kan wà tẹ́ ẹ ò bi mí. Ẹ bi mí pé bí mi ò bá jí lọ́la, ta ló máa kọ́kọ́ mọ̀."

Ó bi í.

"Ọ̀tá mi ni. Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á ní, 'Ọ̀lẹ yẹn ò tíì dé.' Kó tó di ààbọ̀, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà mi."

Ó wá ròyìn ohun tí Bàbá Kọ́kọ́rọ́ kò sọ, nítorí ó rò pé kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ kú, ó rò pé oorun ló ń sùn. Ó rọra pa ilẹ̀kùn dé kó má bàa jí i, ó wá sí ibi iṣẹ́, ó gé kọ́kọ́rọ́ títí di ọ̀sán. Kò sí ẹni tó kan ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ kejì ìsìnkú ni Aránbàtà ti ń kàn án. "Mo máa ní, 'O ò tíì kú?' Bó bá bú mi látinú ilé, mo mọ̀ pé ó wà. Bó bá dákẹ́, màá já ilẹ̀kùn. Ó wá ní kí n má kàn án mọ́. Sà."

"Kí lẹ wá ń ṣe báyìí láàárọ̀?"

"Mo máa ń dúró ní òdìkejì títì. Tó bá ṣí fèrèsé, màá lọ síbi iṣẹ́." Ó gbé ojú sókè. "Mà, èmi ni mo ní kó wá síbí. Mi ò ní bi yín ohun tó sọ. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ò jùyẹn lọ: àìsàn ọ̀wọ̀ yìí, ṣé ó máa ń burú sí i kó tó sàn ni?"

Agbaninímọ̀ràn wo fọ́ọ̀mù tó wà nínú fáìlì lọ́kàn rẹ̀: Ọ̀tá mi, pẹ̀lú ìlà pupa méjì. Ó dáhùn pé irú rẹ̀ máa ń sàn. Ó ní kó fún òun di ọjọ́ Ẹtì.

Ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tí Bàbá Kọ́kọ́rọ́ wọlé, kò sí ìwé kankan lórí tábìlì. Agbaninímọ̀ràn ti ní ọ̀rọ̀ gígùn tó fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ó ti kọ ọ́, ó ti há a sórí. Nígbà tó rí bí ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì ṣe ń mì lọ́rùn bàbá náà, gbogbo rẹ̀ fò lọ.

"Bàbá, kọ́kọ́rọ́ tí mo fún yín kò wọlé," ló wí. "Kọ́kọ́rọ́ ló jẹ̀bi. Èmi ni mo gé e. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ kò yé mi, mo sì ń fi máàkì sí i."

Bàbá náà ní ṣé ó túmọ̀ sí pé òun lè máa pe Ọ̀tá òun ní "o."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé mo lè bú u?"

"Ẹ bú u, ẹ jọ̀ọ́."

"Ìgbà wo ni mo lè bẹ̀rẹ̀?"

Ó ní ìgbàkígbà tó bá wù ú. Bàbá náà wo aago: ó ku ogójì ìṣẹ́jú kí àsìkò rẹ̀ tó pé. Ó tọrọ gáfárà, ó mú fìlà rẹ̀, ó sì jáde. Láti ojú fèrèsé, agbaninímọ̀ràn rí i tó ń kọjá láàárín aṣọ tí wọ́n sá, ó ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó ń mi ẹnu. Ó jọ pé èébú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ń tò.

Ọjọ́ kejì ni ọ̀gá ilé ìwòsàn pè é láti yìn ín. Ó ní Òṣùwọ̀n Ọ̀rẹ́ ti wu òun púpọ̀, òun sì ti ní kí wọ́n tẹ igba ẹ̀dà, kí gbogbo ẹ̀ka máa lò ó. Agbaninímọ̀ràn ní àṣìṣe wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá ní ìwà ìrẹ̀lẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú máa ń wu òun. Wọ́n gbé igba ẹ̀dà náà dé ní ìrọ̀lẹ́. Ó kó wọn sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó yí kọ́kọ́rọ́, ó sì há. Lọ́tẹ̀ yìí kò bá a jà. Ó fi wọ́n síbẹ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ náà, ó rí i pé kò yẹ kí òun máa gbé bẹ́ẹ̀. Ó ní kí ẹni tó ń tún ilé ṣe bá òun tú àgádágodo kọ́bọ́ọ̀dù náà kúrò lára ilẹ̀kùn rẹ̀, ó dì í sínú ìwé ìròyìn, ó sì mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Ariwo ló kọ́kọ́ gbọ́. Aránbàtà ń sọ pé bí orí ọ̀tá òun bá jẹ́ àgádágodo, kò sí kọ́kọ́rọ́ láyé tó máa ṣí i. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ń dáhùn láìgbé ojú sókè pé ó sàn ju orí tí wọn ò tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn ẹ̀, torí kò sí ẹrù níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó fi ń gé kọ́kọ́rọ́ wà lórí tábìlì, ó ń kùn. Wọ́n ròyìn fún un bó ṣe padà dé. Aránbàtà ló gbé àga, bàtà àti gọ́ọ̀mù rẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà Ọ̀rẹ́ Wa, ó sì ń rán bàtà níbẹ̀ fún ọjọ́ méjì, ó ń kí gbogbo ẹni tó ń kọjá, ó ń sọ fún wọn pé ẹ̀rọ ni òun ń dúró dè. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Ọ̀rẹ́ Wa fúnra rẹ̀ ló gbé e jáde, ó ní òun ti ń gbèrò àtidá a padà.

Àwọn méjèèjì ti dìde fún un. "Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá, mà." Bàbá Kọ́kọ́rọ́ tú ìwé ìròyìn, ó wo inú àgádágodo náà, ó mi nǹkan jáde nínú rẹ̀: ègé páálí kékeré kan. Ó ní ohun tó ń há a nìyí. Ó ta òróró sí i, ó yí i lẹ́ẹ̀mejì, ó dá a padà fún un. Kò tó ìṣẹ́jú méjì. Ó kọ̀ láti gba ohunkóhun. "Ẹ ṣeun, mà," ni wọ́n tún ń wí. Agbaninímọ̀ràn gbọ́ "ẹ" yẹn fún ìgbà àkọ́kọ́ bí Aránbàtà ṣe gbọ́ ọ. Ó gbìyànjú láti rántí ẹni tó pe òun ní "o" gbẹ̀yìn. Ó ní láti rìn jìnnà nínú ọkàn rẹ̀, ó dé orí àtẹ̀gùn kan.

Ó ti ń yí padà láti máa lọ nígbà tí Aránbàtà wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Títí di òní kì í tẹ ẹsẹ̀ òsì mọ́lẹ̀ tán, àṣà tí páálí fi sílẹ̀ fún un. Ojú aránbàtà kì í fo irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

"Ìyá Òṣùwọ̀n," ló wí, "bàtà òsì yẹn, máàkì mélòó ló gbà?"

Agbaninímọ̀ràn ní ó dàárọ̀ o, aago sì jẹ́ márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ó yára jáde.

Oríta ni èsì náà ti bá a. Ó dúró gbọnrangandan láàárín ọ̀nà, àwọn ènìyàn ń yà fún un. Ogún ọdún sẹ́yìn ni wọ́n ti kọ́kọ́ ju irú eré bẹ́ẹ̀ sí òun, ọwọ́ òun wà nínú ìwé, òun kò hán an. Ó yí padà.

Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́ nígbà tó yọ sí ẹnu ọ̀nà. Àwọn méjèèjì gbé ojú sókè.

"Òdo," ló wí. Èémí rẹ̀ ń sáré. "Bíi ti ọ̀tá yín."

Wọ́n wo ara wọn. Aránbàtà yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu, ó sì na ọwọ́ fún bàtà náà. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ fi ẹsẹ̀ ti àpótí ìjókòó kan jáde lábẹ́ tábìlì.

"Jókòó," ló wí.

Ó fetí sílẹ̀ bóyá "ẹ" ṣì ń bọ̀. Kò sí "ẹ" kankan tó ń bọ̀. Ó bọ́ bàtà, ó sì jókòó.